Bí a ṣe ń kọ ìtọ́kasí nínú iṣẹ́ ìwádìí ní ìlànà APA

Iṣẹ́ àtúnkà ni mo ń ṣe. Mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo gírámà wọn, mo máa ń bá wọn fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, mo sì máa ń bá wọn to ìwé ìtọ́kasí. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gba iṣẹ́ àṣekágbá ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Orí márààrún á ti délẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á dán mọ́rán, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí ojú-ìwé ìgbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni n ó ti bá "Johnson, History of Yoruba". Kò sí ọdún, kò sí òǹtẹ̀wé, àkọlé gan-an ò pé. Bí mo bá bi ọmọ náà pé ìwé náà dà, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dá a padà sí láíbìrì láti ọjọ́ yìí."

Ìtọ́kasí kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Oníjàálá á kọ́kọ́ júbà ẹni tó kọ́ ọ kó tó sun ìjálá. Ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà á ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe ẹ̀yin àgbà." Ohun tí ìwé ìtọ́kasí fi kún un ni pé ẹni tó ń ka iṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè tọ ọ̀nà tí o là sílẹ̀ dé ibi tí o ti gbọ́ ọ̀rọ̀, kó dé ojú-ìwé náà gan-an, láìpè ọ́ lórí fóònù. Gbogbo òfin kọ́mà àti àkámọ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, nítorí ọ̀nà yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bèèrè ìlànà tí ẹ̀ka rẹ ń lò

Kí o tó kọ ìlà kan, lọ bá alábòójútó iṣẹ́ rẹ, kí o bèèrè ìlànà tí ẹ̀ka yín ń lò. Àwọn onílítíréṣọ̀ fẹ́ràn MLA, àwọn òpìtàn sì fẹ́ràn Chicago, tó ń fi ìtọ́kasí sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. APA, ìlànà American Psychological Association, wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni, ìmọ̀ àwùjọ àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ni mo máa lò níhìn-ín, torí òun ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1929, àpilẹ̀kọ olójú-ìwé méje péré ni nínú jọ́nà kan. Lónìí ó ti di odidi ìwé gìrìwò, ẹ̀dà keje tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni a sì ń tẹ̀ lé.

Mọ ẹ̀dà tí wọ́n ń béèrè pẹ̀lú. Ẹ̀dà kẹfà ní kí a kọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ṣáájú orúkọ òǹtẹ̀wé, ẹ̀dà keje ní kí a yọ ọ́ kúrò. Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń béèrè ìlú, nítorí ẹ̀dà kẹfà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bí ti ẹ̀ka yín bá rí bẹ́ẹ̀, fún wọn ní ìlú, ṣùgbọ́n fi í sí ìwé gbogbo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ìwé mẹ́wàá ní ìlú, kí mẹ́jọ má ní, ìyẹn ni àṣìṣe tí kò ní àwáwí.

Ìgbésẹ̀ kejì: kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ

Bí o bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, má gbàgbé èyí. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè másítà mi, mo yọ ọ̀rọ̀ kan lò láti inú ìwé tí ọ̀rẹ́ mi kan yá mi, mi ò sì kọ ojú-ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí ìlú mìíràn, ìwé bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ẹ̀dà mìíràn kiri, mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, nítorí nọ́ńbà ojú-ìwé kan ṣoṣo.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà rèé. Bí mo bá ti gbé ìwé, mo ń ya fọ́tò mẹ́ta pẹ̀lú fóònù mi: ojú-ìwé tí àkọlé wà, ẹ̀yìn ojú-ìwé náà, àti ojú-ìwé tí mo ti yọ ọ̀rọ̀. Má fọkàn tán èèpo ẹ̀yìn ìwé. Àwọn òǹtẹ̀wé máa ń gé àkọlé kúrú níbẹ̀ kí ó lè lẹ́wà. Ẹ̀yìn ojú-ìwé àkọlé ni ọdún, òǹtẹ̀wé àti iye ẹ̀dà wà. Bí o bá rí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tò níbẹ̀, ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o mú. Pé wọ́n kàn tún un tẹ̀ nítorí ọjà tán kò sọ ọ́ di ẹ̀dà tuntun.

Fún jọ́nà, kọ ìdìpọ̀, nọ́ńbà àti ojú-ìwé tí àpilẹ̀kọ náà ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Fún ohun tí o bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, da líǹkì rẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tọ́ka sí i nínú iṣẹ́

Orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé àti ọdún ni APA ń fẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Bí o bá yọ ọ̀rọ̀ lò bó ṣe wà gan-an, fi ojú-ìwé kún un. Ọ̀nà méjì ni o lè gbà kọ ọ́. O lè fi òǹkọ̀wé sínú gbólóhùn: Ọlátúnjí (1984) ṣàlàyé pé báyìí báyìí. O sì lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ tán kí o tó fi gbogbo rẹ̀ sínú àkámọ́: (Ọlátúnjí, 1984). Àmì ìdánudúró máa ń wá lẹ́yìn àkámọ́, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì á kọ p. ṣáájú nọ́ńbà ojú-ìwé. Nínú iṣẹ́ tí a fi Yorùbá kọ, o.i. ni mo máa ń lò, alábòójútó kankan ò sì tíì bá mi jà sí i.

Òǹkọ̀wé méjì, kọ méjèèjì nígbà gbogbo. Ìwé tí Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal kọ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á di (Drewal & Drewal, 1983). Bí wọ́n bá ti pé mẹ́ta, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ àti et al. ti tó, láti ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá ti dárúkọ wọn.

Bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ méjì jáde lọ́dún kan náà, lẹ́tà kékeré ló ń yà wọ́n. Ní 1975, Wándé Abímbọ́lá gbé *Sixteen great poems of Ifá* jáde, ó sì ṣe olóòtú *Yoruba oral tradition*. Èyí tí àkọlé rẹ̀ ṣáájú ní ABD á di 1975a, èkejì á di 1975b. Lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́, kí ó sì wà ní ìgbẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkàwé ò ní mọ èyí tí ò ń bá wí.

Àyọlò tó bá tó ogójì ọ̀rọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yọ àmì àyọlò kúrò lára rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlà tuntun, kí o sì sún gbogbo rẹ̀ wọlé ní ààbọ̀ ínǹṣì láti apá òsì. Níbí nìkan ni àmì ìdánudúró ti ń ṣáájú àkámọ́.

Àwọn ohun méjì kan wà tí ó ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n rò pé bí àwọn bá ti pa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ dà, ìtọ́kasí ò pọn dandan mọ́. Ó pọn dandan. Ọ̀rọ̀ lo pa dà, èrò náà ṣì jẹ́ ti ẹni tó ronú rẹ̀. Èkejì ni títọ́ka sí ìwé tí ojú wọn ò kàn rí. Ká ní inú ìwé Peel lo ti bá ọ̀rọ̀ Johnson pàdé, o ò sì ka Johnson fúnra rẹ̀. Kọ (Johnson, 1921, as cited in Peel, 1989), Peel nìkan ni o sì máa kọ sí àkójọ ìgbẹ̀yìn. Bí o bá kọ Johnson nìkan, o ti jẹ́rìí sí ohun tí o ò rí. Bí Peel bá ṣi ọ̀rọ̀ náà dà kọ, ìwọ ni wọ́n máa mú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: to àkójọ ìgbẹ̀yìn

Ìbéèrè mẹ́rin ni ìwé kọ̀ọ̀kan ní láti dáhùn, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn: ta ló kọ ọ́, ọdún wo, kí ni àkọlé rẹ̀, ibo la ti lè rí i. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánudúró tirẹ̀. Ìwé tí kò ní wàhálà rèé:

Olatunji, O. O. (1984). *Features of Yoruba oral poetry*. University Press Limited.

Wo lẹ́tà ńlá inú àkọlé yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti Yoruba nìkan ló ní in. APA ò fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkọlé ìwé máa gbé lẹ́tà ńlá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àmì kólọ́ọ̀nù, àti orúkọ ènìyàn tàbí ibì kan ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Àkọlé ìwé sì máa ń wà ní ìtálíìkì.

Ìwé Johnson ni mo máa ń fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, torí ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Samuel Johnson parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ìwé sì sọnù lọ́wọ́ wọn. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún un tò, tó fi jáde ní 1921. Ẹ̀dà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lóde òní, títẹ̀ ti Cambridge ni. Ẹ wo bí gbogbo ìrìn àjò yẹn ṣe wọnú ìlà kan:

Johnson, S. (2010). *The history of the Yorubas: From the earliest times to the beginning of the British Protectorate* (O. Johnson, Ed.). Cambridge University Press. (Original work published 1921)

Nínú iṣẹ́, á di (Johnson, 1921/2010). Ẹni tó bá kọ 2010 nìkan ti sọ òkú di alààyè, òǹkàwé tí kò mọ̀ sì lè rò pé òpìtàn ayé ìsinsìnyí ló ń sọ̀rọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Johnson "ṣe ìwádìí rẹ̀ ní 1921", ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín. Ọdún méjì tí a fi àmì / yà nípa ni ìbá gba ọmọ yẹn sílẹ̀.

Orí kan nínú ìwé tí àwọn ẹlòmíràn ṣe olóòtú rẹ̀, ẹni tó kọ orí náà ló ń ṣáájú. Orúkọ àwọn olóòtú á tẹ̀ lé In, kò sì ní yí sódì:

Peel, J. D. Y. (1989). The cultural work of Yoruba ethnogenesis. In E. Tonkin, M. McDonald, & M. Chapman (Eds.), *History and ethnicity* (pp. 198–215). Routledge.

Jọ́nà:

Ekeh, P. P. (1975). Colonialism and the two publics in Africa: A theoretical statement. *Comparative Studies in Society and History*, *17*(1), 91–112.

Orúkọ jọ́nà àti ìdìpọ̀ rẹ̀ wà ní ìtálíìkì, nọ́ńbà inú àkámọ́ kò sí ní ìtálíìkì. Kò sí àyè láàárín 17 àti àkámọ́, kò sì sí pp. ṣáájú ojú-ìwé. Orúkọ jọ́nà nìkan ló ń gbé lẹ́tà ńlá sí gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì rẹ̀. Bí àpilẹ̀kọ náà bá ní DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ ní ìgbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bíi líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https://doi.org/, má sì fi àmì ìdánudúró kankan sí ìdí rẹ̀, kí líǹkì má baà bàjẹ́.

Àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé tí a kò tẹ̀ jáde, kọ [Unpublished doctoral dissertation] lẹ́yìn àkọlé rẹ̀ kí o tó kọ orúkọ yunifásítì. Ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́, àkọlé, orúkọ ìkànnì, kí o sì fi líǹkì parí rẹ̀. Bí kò bá ní ọdún, n.d. ló ń gba ipò rẹ̀. Bí kò bá ní òǹkọ̀wé, àkọlé á bọ́ síwájú. Bí àkọlé ìwé bá wà ní èdè tó yàtọ̀ sí èyí tí o fi ń kọ iṣẹ́, kọ àkọlé náà bó ṣe wà, kí o sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ sínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn rẹ̀. Má ṣe fi ìtumọ̀ rọ́pò àkọlé, torí kò sí láíbìrì tí o máa fi ìtumọ̀ tìrẹ wá ìwé dé tí wọ́n á rí i fún ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: má gbàgbé àwọn abẹ́nà ìmọ̀

Ibí yìí ni ọkàn mi wà jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sọ́dọ̀ babaláwo, á lọ sọ́dọ̀ onílù, ìyá àgbà kan á jókòó fún un ní wákàtí mẹ́ta, á kọ orin òkú fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá jáde, àwọn òyìnbó inú ìwé á ní orúkọ àti ọdún, ìyá yẹn á di "àgbàlagbà kan ní abúlé". Kò dára.

Ìlànà APA lórí èyí ní ẹsẹ̀ méjì. Bí o bá kàn bi ẹnì kan léèrè ọ̀rọ̀, lójúkojú tàbí lórí fóònù, tí kò sí àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè rí, inú iṣẹ́ nìkan ni wàá ti tọ́ka sí i. Kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀, personal communication, àti ọjọ́ tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ gan-an. Kò ní sí nínú àkójọ ìgbẹ̀yìn, torí òǹkàwé ò lè rí i lọ kà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn tí o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gan-an ni iṣẹ́ rẹ dúró lé, APA ò kà wọ́n sí personal communication rárá. Orí tí o ti ṣàlàyé bí o ṣe ṣe ìwádìí ni wàá ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wàá sì máa yọ ọ̀rọ̀ wọn lò bí o ṣe ń lọ.

Àwọn ẹ̀ka Yorùbá kan wá ní àṣà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: wọ́n ń béèrè àkójọ abẹ́nà ìmọ̀ lọ́tọ̀, níbi tí orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú àti ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà. Bí ẹ̀ka yín bá gbà á, ṣe é. Ṣùgbọ́n bi ẹni náà kí o tó dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan á ní kí o kọ orúkọ àwọn kó hàn ketekete, àwọn kan á ní rárá, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan awo tàbí ẹjọ́ ìdílé. Bí wọ́n bá ní rárá, fún wọn ní nọ́ńbà tàbí orúkọ mìíràn, kí o sì sọ nínú iṣẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ àti àmì orí rẹ̀

Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, kọ́mà á tẹ̀ lé e, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yòókù á sì tẹ̀ lé kọ́mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè, Alhaji, Ẹni-ọ̀wọ̀, kò sí èyí tó ń wọ ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ọmọ tí a kọ́ dáadáa bí àìlọ́wọ̀ láti kọ orúkọ àgbà lórófo. Ojú-ìwé ìdúpẹ́ ni kí o ti fi oyè wọn pọ́n wọn lé.

Ní ti àmì ohùn, kọ orúkọ bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ara ìwé rẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí fi àmì kan sórí e orúkọ ìdílé rẹ̀ tí kì í ṣe ti òkè, tí kì í ṣe ti ìsàlẹ̀: ohùn tó ń gòkè ni, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lára ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997. Bí kíbọọ̀dù rẹ ò bá ní in, dà á kọ láti ibi tó ti wà, má ṣe pa á jẹ. Bó bá jẹ́ pé ìwé kò ní àmì, bíi Olatunji tí mo kọ lókè, nínú àkójọ ìgbẹ̀yìn jẹ́ kó wà láìní àmì. Nínú iṣẹ́ tí a fi Yorùbá kọ, àwọn olùkọ́ kan fẹ́ kí àmì wà lórí rẹ̀, bí èmi náà ṣe ṣe nígbà tí mo dárúkọ Ọlátúnjí. Èyíkéyìí tí o bá mú, di í mú láti orí kìíní dé orí karùn-ún.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé Ọlátúnjí àti Olatunji, ẹnì kan náà ni. Bí o bá fi ọ̀kan wá inú fáìlì rẹ, ó lè fo èkejì dá. Bí o bá ní kó to orúkọ ní ABD, ó lè kó gbogbo orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ tàbí Ṣ lọ sí ibòmíràn. Fi ojú ara rẹ tún un wò. Nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń to Ọ mọ́ O. Nínú iṣẹ́ Yorùbá, ABD tiwa ni mo ń tẹ̀ lé, O tán kí Ọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: jẹ́ kí ẹ̀rọ ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ ọ

Zotero ni mo máa ń ní kí wọ́n lò. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2006 tí wọ́n ti ṣe é jáde ní George Mason University ní Amẹ́ríkà. Ó ń tọ́jú ìwé tí o kà, ó sì ń kọ ìtọ́kasí fún ọ nínú Word. Google Scholar náà ní bọ́tìnì tó ń gbé ìtọ́kasí jáde. Méjèèjì lè gbé lẹ́tà ńlá sí ibi tí kò yẹ, kí wọ́n pa òǹtẹ̀wé jẹ, tàbí kí wọ́n sọ orúkọ àbísọ di orúkọ ìdílé, èyí tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ Yorùbá nìyẹn. Gbé fọ́tò mẹ́ta tí o yà jáde, kí o fi wé ohun tí ẹ̀rọ kọ.

Àwọn ẹ̀rọ AI tí ń báni sọ̀rọ̀, má ṣe ní kí wọ́n bá ọ wá ìwé ìtọ́kasí kí o sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè hun orúkọ òǹkọ̀wé tòótọ́ pọ̀ mọ́ àkọlé tí kò sí láyé, kí wọ́n fi ọdún àti ojú-ìwé sí i, kó sì jọ òótọ́ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Odidi ọ̀sán kan la fi wá ìwé mẹ́fà, a ò rí ẹyọ kan. Ó sunkún. Inú mi ò dùn, ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ èmi, olùyẹ̀wò tó wá láti ìta ló máa bá a. Ìwé tí o kò tíì ṣí, má kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: tún ojú-ìwé náà ṣe, kí o sì kà á ní àkàyẹ̀wò

Bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà ní ojú-ìwé tuntun. Fi àyè ìlà méjì sí i látòkè délẹ̀, má sì fi nọ́ńbà sí iwájú ìwé kankan. Ìlà àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ apá òsì, àwọn ìlà tó kù á sún wọlé ní ààbọ̀ ínǹṣì. Nínú Word lórí Windows, yan gbogbo rẹ̀, kí o tẹ Ctrl àti T pọ̀. Má ṣe fi bọ́tìnì àyè ti ìlà wọlé níkọ̀ọ̀kan, torí bí o bá yí ìwọ̀n lẹ́tà padà, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Lẹ́yìn náà, tẹ àkójọ náà sórí pépà. Mú bírò, ṣí iṣẹ́ rẹ láti ojú-ìwé kìíní, kí o sì máa kà á lọ. Gbogbo ibi tí o bá ti bá orúkọ àti ọdún, wá a lórí pépà, fi àmì sí i. Orúkọ tó wà nínú iṣẹ́ tí kò sí lórí pépà, kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí o lọ wá fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí o bá dé ojú-ìwé tó kẹ́yìn, wo àwọn ìwé tí kò ní àmì lórí pépà: ìwé tí o kà ṣùgbọ́n tí o kò lò ni wọ́n. APA ò fún wọn láyè nínú àkójọ náà. Pa wọ́n rẹ́, tún àkójọ náà tẹ̀, kí o tó gbé iṣẹ́ lọ fún ẹni tí yóò dì í.